Calumny, calomnie, diffamation: àwọn ọ̀rọ̀ tí a máa ń dà pọ̀ nígbà tí wọ́n bá bà wá lórúkọ jẹ́

Ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò Èkó láti Àjàṣẹ́ níbí, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, mọ gbólóhùn kan dáadáa. Bí ìbò bá ti ń sún mọ́lé ní Nàìjíríà, olóṣèlú kan á bọ́ síta, á ní alátakò òun ń ṣe "campaign of calumny" sí òun. Àwa tí a ka ìwé Faransé á ní, "Calomnie ló ń wí," a ó sì fi kún un pé, "diffamation náà nìyẹn." Apá àkọ́kọ́ tọ̀nà. Calumny ti Gẹ̀ẹ́sì àti calomnie ti Faransé, ìyá kan náà ló bí wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Apá kejì ni kò tọ̀nà, òun ló sì ń kó àwọn èèyàn sí wàhálà.

Mo máa ń bá àwọn èèyàn kọ ìwé ìfisùn ní èdè Faransé, ìyá ọjà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bí inú bá ti ń bí èèyàn, ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tí wọ́n bá sọ sí i ló ń pè ní calomnie. Ó bú mi, calomnie. Ó tú àṣírí mi, calomnie. Ó sọ ohun tí kò dá a lójú nípa mi, calomnie. Mi ò dá wọn lẹ́bi, nítorí ó dùn wọ́n dọ́kàn. Àmọ́ ohun tí a bá kọ sórí ìwé ni ọlọ́pàá àti adájọ́ máa bi wá léèrè rẹ̀, kò sì sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ ṣòro tó calomnie nínú gbogbo wọn.

Ní ìlò tó péye, calumny ni irọ́ tí ẹnì kan mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì dìídì pa á mọ́ ẹlòmíràn kí orúkọ onítọ̀hún lè bàjẹ́. Ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sì fẹ́ kó ṣe ẹni náà ní jàǹbá. Bí ọ̀kan bá yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ náà ṣì lè burú, ó tilẹ̀ lè gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́, àmọ́ kì í ṣe calumny mọ́. Ohun tí Yorùbá ń sọ tó bá a mu jù lọ ni "ó purọ́ mọ́ mi". Ìbanilórúkọjẹ́ gbòòrò jù ú lọ, torí òótọ́ pọ́ńbélé náà máa ń ba orúkọ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ìlò rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ wa tó ń lọ kàwé lápá ibẹ̀. Orí sílébù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń tẹ ohùn mọ́ ọn. Lẹ́tà u ló wà láàárín rẹ̀. O ló wà nínú ti Faransé, ibẹ̀ sì ni àṣìkọ ti máa ń wọlé. Irọ́ náà ni calumny, kéèyàn pa á mọ́ni ni calumniate, ẹni tó pa á ni calumniator. Ọ̀rọ̀ ìwé ni, ọ̀rọ̀ orí pèpéle ni. Ẹ ó bá a nínú ìwé ìròyìn, nínú ìwàásù, nínú lẹ́tà tí ẹni ńlá fi ń fèsì ẹ̀sùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ráhùn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ilé pé wọ́n ń sọ ọ́ láìdáa, kò ní í mú calumny lò.

Láti inú èdè Látìn ló ti wá. Calumnia ni àwọn ará Róòmù ń pe ẹ̀tàn àti ẹ̀sùn èké, pàápàá kí ẹnì kan gbé ẹlòmíràn lọ sílé ẹjọ́ nígbà tó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé onítọ̀hún kò jẹ̀bi. Wọ́n ní òfin kan lórí rẹ̀, lex Remmia. Ní ọdún 80 ṣáájú ìbí Jésù, Cicero tó jẹ́ agbẹjọ́rò ńlá níbẹ̀ dúró nílé ẹjọ́, ó sì mẹ́nu kan lẹ́tà kan tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ mọ́ orí irú àwọn olùfisùn bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé K ni lẹ́tà náà, torí Kalumnia ni wọ́n ń kọ ọ́ láyé àtijọ́. Láti inú calumnia yìí náà ni challenge ti Gẹ̀ẹ́sì ti yọ, ó gba inú Faransé àtijọ́ kọjá. Nítorí náà, láti ìpìlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti so mọ́ ẹjọ́ àti ẹ̀sùn. Kì í ṣe àheso lásán ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún.

Ó yẹ ká rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta epo pupa ní ọjà Ouando. Mo dá a sílẹ̀ fún àlàyé ni, kì í ṣe ẹnì kan tí mo mọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ló fi ń gbé epo rẹ̀ wá, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, àwọn oníbàárà á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ìka pa á, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó sanwó.

Oníbàárà kan bá a jà lórí ìgò tí kò kún, ó sì ké lé e lórí pé, "Olójúkòkòrò! Aláìníláárí! Wo ẹnu ẹ!" Èébú nìyẹn. Injure ni òfin tó jẹ́ ti Faransé ń pè é. Kò sí ohun kan pàtó tí wọ́n ní ìyá yìí ṣe. Ẹ̀rí wo lèèyàn fẹ́ mú wá láti fi hàn pé òun ní láárí? Èébú kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe òótọ́. Kì í lè jẹ́ calumny láé.

Ẹ̀ẹ̀kejì: ní tòótọ́, wọ́n ti mú ìyá yìí rí nítorí òṣùwọ̀n tí kò pé, ó sì san owó ìtanràn. Aládùúgbò rẹ̀ kan wá ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà tuntun tó bá dé. Òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn lèyí, Faransé ń pè é ní médisance. Ó lè ba ọjà ìyá náà jẹ́ ju irọ́ lọ, nítorí kò sí bó ṣe fẹ́ sẹ́ ẹ. Síbẹ̀, bí ìyá yìí bá lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ṣe calomnie sí òun, ìtanràn tó san nígbà yẹn ni wọ́n máa fi dá a lóhùn.

Ìkẹta ló máa ń ṣòro jù fún àwọn èèyàn láti gbà. Obìnrin kan ra epo, inú run òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, ó sì dá a lójú hán-ún pé wọ́n po nǹkan mọ́ epo yẹn kó lè pupa dáadáa. Ó ń sọ ọ́ káàkiri. Ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́, epo náà mọ́, ẹja tí wọ́n jẹ ló ti ń rà. Ó ti ṣe ìyá elépo ní jàǹbá gidi, òfin sì lè mú un. Àmọ́ kò purọ́, àṣìsọ ló sọ. Ohun tó gbà gbọ́ tọkàntọkàn ni, nítorí náà kò sí calumny níbẹ̀.

Ìkẹrin. Obìnrin mìíràn wà tí òun náà ń ta epo, ìsọ̀ wọn kò jìnnà síra. Ọwọ́ ẹni kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń ra epo, ọkọ̀ kan náà ló ń gbé e wá, láti inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ti ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì wọn, ojú ara wọn ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọjà ìyá àkọ́kọ́ ń tà, tirẹ̀ ń falẹ̀. Ó gbé fóònù, ó tẹ ibi tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀ lórí WhatsApp, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí àánú ń ṣe: ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà o, ṣùgbọ́n ẹ má ra epo lọ́wọ́ ìyá báyìí báyìí mọ́, àwọ̀ ló ń pò mọ́ ọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ilé ìwòsàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan ní ilé ìwòsàn. Bí àwọ̀ bá sì wà nínú epo yẹn, ó wà nínú tirẹ̀ náà. Ó mọ̀. Calumny nìyí, kò kù síbì kan.

Bí obìnrin yìí bá tún gbéra, tó lọ bá ọlọ́pàá tàbí àwọn tó ń ṣọ́ oúnjẹ ọjà, tó sì fi ìyá elépo sùn pẹ̀lú irọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ ti gorí ọ̀rọ̀. Èyí ni òfin ń pè ní dénonciation calomnieuse: kéèyàn lọ fi ẹnì kan sùn lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ nípa ohun tó lè mú kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ìtumọ̀ ti ayé Róòmù gan-an ló ṣì wà nínú rẹ̀ títí dòní.

Àwọn tó ń lọ sí ilé kéú kò ní í rí àjèjì kankan nínú ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá Àjàṣẹ́ jẹ́ Mùsùlùmí, hádíìsì tí Imam Muslim gbà wá sì wà lẹ́nu àwọn àáfà wa: Ànábì bi àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n mọ ohun tí gíbà jẹ́, ó sì ní kí ẹ mẹ́nu kan arákùnrin yín pẹ̀lú ohun tí kò fẹ́ ni. Wọ́n bi í léèrè pé bí ohun náà bá wà lára rẹ̀ ńkọ́? Ó ní bó bá wà lára rẹ̀, gíbà lẹ ṣe. Bí kò bá sí lára rẹ̀, irọ́ lẹ pa mọ́ ọn, ìyẹn bùhútánì. Gíbà bá médisance mu, bùhútánì sì ni calomnie. Súrà An-Nuri, tó jẹ́ ìkẹrìnlélógún nínú Àlùkùránì, le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹni tó bá fẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin tó mọ́: bí kò bá mú ẹlẹ́rìí 4 wá, pàṣán 80 ni, wọn kò sì ní í gba ẹ̀rí rẹ̀ mọ́. Ní ti àwọn Kátólíìkì, Kátékísìmù wọn pín in bákan náà ní ìpín 2477, lábẹ́ òfin kẹjọ. Ẹni tó tú àṣìṣe ẹlòmíràn síta láìnídìí ní orúkọ tirẹ̀, ẹni tó purọ́ ba ẹlòmíràn jẹ́ ní tirẹ̀. Ó wù mí kí àwọn tó ń wàásù máa tẹnu mọ́ ìpín méjì yìí, torí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbogbo wa ń ṣe lójoojúmọ́, tí a sì ń fi "ṣebí òótọ́ ni mo sọ" bò ó mọ́lẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì kò lo calumny gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹjọ́. Defamation ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Èyí tí a fẹnu sọ ni slander, èyí tí a kọ tàbí tí a fi sí ibi tí yóò pẹ́ ni libel. Ẹni tó bá ní wàhálà ní Èkó, kó má ṣe retí pé lọ́yà máa kọ calumny sórí ìwé ìpẹ̀jọ́. Ó lè sọ ọ́ nínú àwíjàre rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ lè wúwo, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti Faransé ní ìtàn tó gùn díẹ̀, ó sì kàn wá, torí ọ̀dọ̀ wọn la ti jogún ìlànà tiwa. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wọn ti 1810, calomnie wà níbẹ̀ bí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Òfin ti oṣù karùn-ún ọdún 1819 yọ ọ́ kúrò, ó sì fi diffamation rọ́pò rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: bí ẹ bá ní kí adájọ́ dá irọ́ lẹ́bi, ẹ ti sọ ọ́ di dandan pé kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá irọ́ ni, ìwádìí yẹn á sì tú gbogbo ìdí ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ síta. Diffamation gbé ojú sí ibòmíràn. Òfin ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wọn ti ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1881, tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, sọ pé diffamation ni kéèyàn sọ pé ẹnì kan ṣe ohun kan pàtó, tí ohun náà sì tàbùkù ọlá tàbí iyì rẹ̀. Kò sí "irọ́" nínú gbólóhùn yẹn rárá.

Ẹ dúró níbí díẹ̀, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Aládùúgbò tó ń sọ òótọ́ nípa ìtanràn ìyá elépo, òfin lè mú un fún diffamation. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ẹ̀rí wá pé òótọ́ lòun sọ, tàbí kó fi hàn pé tinútinú rere lòun fi sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá ẹni ló tú síta, òtítọ́ pàápàá lè má gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "òótọ́ ni mo sọ, kò sẹ́ni tó lè mú mi," ń tan ara rẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀ tiwa, òfin nọ́ńbà 2015-07 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2015 ló ń darí ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ti orí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú Code du numérique, òfin nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018. Abala 550 rẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó wà nínú àwùjọ WhatsApp mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2018, ẹni tó bá dá ìròyìn èké sílẹ̀ nípa ẹnì kan lórí ẹ̀rọ, tàbí tó bá tàn án kálẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí oṣù 6, ó sì lè san 500.000 sí 1.000.000 fráńkì séfà, tàbí kí wọ́n fi ọ̀kan nínú méjèèjì jẹ ẹ́ níyà. Dá sílẹ̀, tàbí tàn kálẹ̀. Obìnrin tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nípa epo nìkan kọ́ ni òfin ń bá wí. Ẹ̀yin tí ẹ gbà á lówùúrọ̀, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí àwùjọ ẹbí, àwùjọ àdúgbò àti àwùjọ ẹgbẹ́ aláṣọ ẹbí kí oòrùn tó kan àtàrí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Inú mi kì í dùn bí mo bá ń rí i tí àwọn èèyàn ń kọ "bí mo ṣe rí i gbà nìyí" sábẹ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé gbólóhùn yẹn lè gba ọjà ìyá kan padà.

Àwọn kan máa ń bi mí pé Ẹ̀fẹ̀ ti Kétu ńkọ́? Ṣé kì í ṣe gbogbo òru ni wọ́n fi ń kọrin bú èèyàn nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó ń gbé wọn lọ sílé ẹjọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, orin Ẹ̀fẹ̀ máa ń mú, ó máa ń dé ara onítọ̀hún. UNESCO polongo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àṣà ayé ní 2008, lórúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí sí bí orin náà ṣe ń rìn. Ìwà tí ìlú ti ń rí, tí wọ́n sì ti ń kùn sí, ni akọrin ń gbé sójú ọjà, tọmọdé tàgbà ló pé jọ síbẹ̀, àwọn ìyá wa wà níbẹ̀, òun tó ń kọrin náà sì dúró síwájú gbogbo wọn. Bó bá pa irọ́ mọ́ ẹnì kan, ìlú tó mọ òótọ́ ló ń gbọ́ ọ. Ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé, tó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn tí kò mọ ìyá elépo rí, kò lè fi Ẹ̀fẹ̀ bojú.

Bí wọ́n bá wá bà yín lórúkọ jẹ́, ẹ má pa ohùn náà rẹ́ kúrò lórí fóònù nítorí ìbínú. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ti wá, ọjọ́ àti wákàtí tó wọlé. Bí agbára bá wà, ẹ pe huissier, òṣìṣẹ́ tí òfin fún láṣẹ láti ṣàkọsílẹ̀ ẹ̀rí, kó wá gbọ́ ọ, kó wò ó, kó sì kọ constat, ìyẹn ìwé ohun tó fojú ara rẹ̀ rí, lé e lórí. Àwòrán ojú fóònù nìkan rọrùn láti jiyàn lé. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn tàbí rédíò ló gbé e, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè kí wọ́n gbé èsì yín jáde, HAAC, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ní Bẹ̀nẹ̀, sì wà fún ẹjọ́ àwọn oníròyìn. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó rí agbẹjọ́rò, torí àkókò ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gùn. Ní Faransé, oṣù 3 péré ni lábẹ́ òfin 1881. Èmi a máa gba àwọn tó bá tọ̀ mí wá níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ àwọn àgbà, bí ẹni tó ṣe é bá ṣì ń gbọ́ ti àgbà. Àmọ́ kó má jẹ́ àforíjì abẹ́lé o. Ibi tó ti sọ irọ́ náà ni kó ti kó o jẹ: bó bá jẹ́ àwùjọ WhatsApp ló fi í sí, kó lọ sọ níbẹ̀, pẹ̀lú ohùn ara rẹ̀, pé irọ́ ni.

Bó bá di pé a fẹ́ kọ ìwé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó mọ̀? Ìyá elépo wa lè dáhùn. Ó ní ìwé ọwọ́ ẹni tó ń tà fún wọn, tó fi hàn pé lọ́jọ́ kan náà, láti inú dúrọ́ọ̀mù kan náà, ni àwọn méjèèjì rà. Ó ní awakọ̀ tó gbé e wá. Ó lè ní kí wọ́n wádìí bóyá ọmọ ẹ̀gbọ́n kankan wà ní ilé ìwòsàn. Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, ó lè sọ pé obìnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ni. Ẹni tí kò bá ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ fún un pé kó jẹ́ ká kọ diffamation, ká kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ká kọ ọjọ́, ká kọ orúkọ àwọn tó gbọ́ ọ, ká sì fi ìyókù sílẹ̀ fún adájọ́ láti bi olùjẹ́jọ́ léèrè.